Ọmọ Iṣẹ́ Yímíyímí

Ní àárọ̀ Sátidé tí ìkórè ku ọ̀la, Sanmí dojú bolẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè ńlá kan ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Ìjàyè. Ó fi etí ọ̀tún lé ilẹ̀, ó sì fi ọwọ́ dí etí òsì kí ariwo adìyẹ má baà dà á láàmú. Ibẹ̀ ni Olúmúyìwá, ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀, bá a. Olúmúyìwá ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ní Mọ́níyà, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò tíì fẹ̀yìn tì. Bàtà rẹ̀ ń dán, agbòòrùn wà lábẹ́ abíyá rẹ̀, kò sì sí ohun tí Ọlọ́run dá tí bàbá náà kò ní àlàyé fún.

"Sanmí, ta ló lù ọ́ ṣubú?"

"Ẹ káàárọ̀, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ má bínú pé mi ò dọ̀bálẹ̀ fún yín."

"O ti dọ̀bálẹ̀ kí n tó dé. Dìde."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra sọ̀rọ̀. Wọ́n ń jẹun nísàlẹ̀."

"Àwọn wo?"

"Mi ò mọ̀ wọ́n. Mo kàn ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ ni."

Olúmúyìwá ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò sókè, ó bẹ̀rẹ̀ tìṣọ́ratìṣọ́ra, ó dẹ etí sílẹ̀. Ó gbọ́ díẹ̀, ó mi orí, ó sì nà tán.

"Ikùn ara ẹ lò ń gbọ́. O ò tíì jẹun láàárọ̀."

"Ta ló lè jẹun, Ẹ̀gbọ́n?"

Ó yẹ ká mọ ohun tó ń jẹ Sanmí ká tó mọ ohun tó ń jẹ iṣu rẹ̀. Ní ìkórè èṣí, iṣu tó gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Séráfù tiwọn kéré débi pé Josiah, ẹni tó máa ń lu gbàǹjo lẹ́yìn ìsìn, ní láti so wọ́n mọ́ ẹsẹ̀ àkùkọ kan kí ẹnikẹ́ni tó lè dá sí i. Ẹni tó ra àkùkọ náà tú iṣu kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó sì dá a padà. Ìjọ rẹ́rìn-ín, àwọn akọrin rẹ́rìn-ín, Wòlíì alára fi Bíbélì bo ẹnu. Ìtìjú yẹn ló gbé Sanmí dìde níjọ́ náà, tó fi jẹ́ ẹ̀jẹ́ níwájú pẹpẹ pé ní ọdún tó ń bọ̀, òun á mú iṣu kan wá tó jẹ́ pé èèyàn méjì ni yóò gbé e, tí kò sì ní ní àbàwọ́n kankan lára. Àwọn àgbà ní bí iṣu ẹni bá ta, à á fọwọ́ bò ó jẹ ni. Sanmí kò tíì gbin tirẹ̀ tó ti ń kéde rẹ̀.

Àmọ́ iṣu náà ta. Ebè ọ̀hún sán kiri, ó wú, gbogbo abúlé ń wá wò ó. Nígbà tó di Sọ́ńdè tó kọjá, Olúmúyìwá, tó jẹ́ ọmọ ìjọ Bàtísì tó kàn wá kí wọn, dìde láàárín ìsìn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu nídìí iṣu àna òun, òun lòun máa rà á, òun lòun sì máa jẹ ẹ́, àní bí wọ́n bá ń lu gbàǹjo rẹ̀ di ìrọ̀lẹ́. Wòlíì gbàdúrà lé e lórí. Gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa títí di òwúrọ̀ yìí, tí Sanmí rí kòkòrò dúdú kan tó ń jáde ní ẹ̀gbẹ́ ebè bí ẹni tó jẹun yó.

"Kòkòrò náà dà báyìí?" ni Olúmúyìwá bèèrè nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà.

"Ó wà nínú agolo mílíìkì."

"Gbé e wá kí n wò ó."

Olúmúyìwá wọ jígí ojú rẹ̀, ó yọjú sínú agolo, ó sì wò ó yí ká bíi dókítà.

"Yímíyímí ni."

"Yímíyímí kọ́, Ẹ̀gbọ́n. Ọ̀bọ̀ùnbọ̀ùn ni."

"Kí ni ìyàtọ̀ wọn?"

"Yímíyímí ń yí imí."

"Èyí náà lè máa yí i nígbà tí ẹ ò bá sí nílé."

Sanmí ronú sí i. Kò lè búra pé kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé lóòótọ́ ni wọn kì í sábà wà nílé. Olúmúyìwá wá ní ọ̀rọ̀ kò tó ìjà, ohun tó bá rúni lójú, à á gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ẹnìkejì rẹ̀ ni. Ó rán Sanmí lọ sí ojú ọ̀nà tí màlúù àwọn darandaran máa ń gbà kọjá. Kò pẹ́ tí Sanmí fi padà dé pẹ̀lú yímíyímí kan nínú agolo tòmátò, àti ìgbẹ́ màlúù tútù lórí ewé kókò. Ó ti bá yímíyímí náà lẹ́nu iṣẹ́, ó sì ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó gbé e. Wọ́n da odó dojú bolẹ̀, wọ́n fi ṣe tábìlì, wọ́n tú kòkòrò méjèèjì sí i.

"Wò wọ́n," ni Olúmúyìwá wí. "Dúdú ni ọ̀kan, dúdú ni èkejì. Ẹsẹ̀ ọ̀kan pọ̀, ẹsẹ̀ èkejì náà pọ̀. Ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n."

"Ẹ wo orí wọn, Ẹ̀gbọ́n. Orí yímíyímí pẹlẹbẹ bí ọkọ́, òun ló fi ń gbẹ́lẹ̀. Ọ̀bọ̀ùnbọ̀ùn ò ní irú ẹ̀. Ẹnu lòun fi ń ṣe gbogbo iṣẹ́ tiẹ̀."

"Akọ̀wé nìyẹn. Ibo ni wọ́n ń gbé?"

Sanmí ṣàlàyé pé yímíyímí kì í jìnnà síbi tí màlúù bá ti kọjá, pé ibi tí ẹran bá ti yàgbẹ́ ni ọjà rẹ̀. Ó ní akùrọ̀ ni ọ̀bọ̀ùnbọ̀ùn ti ń wá ní tirẹ̀. Bí òjò bá ti ń rọ̀, á fò wá sóko, á wọnú ebè láìkan ilẹ̀kùn, á jẹ iṣu títí, bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá sì fẹ́ wọlé, á tún fò padà sí akùrọ̀ lọ bímọ.

Olúmúyìwá fetí sílẹ̀ dáadáa.

"Ṣé ọdọọdún ló ń wá?"

"Ọdọọdún ni."

"Kò bá ọ gbin nǹkan?"

"Kò bá mi gbìn."

"Tí iṣu bá ta, á dé, á jẹun yó, á padà sílé ẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Ìyẹn kì í ṣe kòkòrò, Sanmí. Àna nìyẹn."

Sanmí wo Olúmúyìwá. Ó wo àpò ṣaka òfìfo tí bàbá náà ká sábẹ́ agbòòrùn rẹ̀, irú èyí tó máa ń mú wá ní gbogbo ìgbà ìkórè. Ó gbé ojú rẹ̀ lọ sára odó kíákíá. Èèyàn kì í fi gbogbo ẹnu bá àna sọ̀rọ̀.

Olúmúyìwá ní ìdánwò ló kù. Ó ní bí ẹ bá fẹ́ mọ ìwà èèyàn, ẹ fún un ní oúnjẹ ẹlòmíràn. Ó bu ìgbẹ́ màlúù síwájú ọ̀bọ̀ùnbọ̀ùn, ó sì gé díẹ̀ lára iṣu ilé ìdáná síwájú yímíyímí. Yímíyímí gun iṣu náà, ó sọ̀ kalẹ̀ ní òdìkejì, ó ń lọ, kò tilẹ̀ wẹ̀yìn. Ọ̀bọ̀ùnbọ̀ùn sún mọ́ ìgbẹ́, ó fọwọ́ kàn án, ó ká gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀ jọ, ó sì yí ìdí sókè.

Sanmí ṣí fìlà.

"Ó ti kú, Ẹ̀gbọ́n."

"Kò kú. Ìgbéraga ni."

"Ó ti dá ẹsẹ̀ dúró o."

"Mo ní ìgbéraga ni. Má kí i pẹ̀lẹ́, á dìde fúnra ẹ̀."

Wọ́n dúró. Nígbà tí kò sẹ́ni tó kí i pẹ̀lẹ́, ọ̀bọ̀ùnbọ̀ùn na ẹsẹ̀ kan, ó na òmíràn, ó dìde, ó sì gba ọ̀dọ̀ iṣu lọ. Inú Sanmí dùn pé kò kú, ó sì tún bàjẹ́ pé kò kú. Ó jókòó ti odó náà, ó ń wò wọ́n.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló pín oúnjẹ fún wọn? Ta ló ní kí ọ̀kan máa jẹ iṣu, kí èkejì máa jẹ ohun tí iṣu máa ń dà?"

Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ẹlòmíràn ì bá ní òun kò mọ̀.

"Ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni," ni Olúmúyìwá wí. "Yímíyímí kọ́ṣẹ́. Ọ̀bọ̀ùnbọ̀ùn kò kọ́ṣẹ́. Ẹni tí kò bá níṣẹ́ lọ́wọ́ ló máa ń wọ ebè olóhun. Iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́, Sanmí. Bí ẹnìkan bá lè kọ́ ọmọ yìí ní iṣẹ́ imí, kò tún ní rí àyè iṣu mọ́ láyé."

"Ta ló máa kọ́ ọ?"

Olúmúyìwá nàka sí yímíyímí, tó ti padà dé ìdí ìgbẹ́, tó sì ti ń gé e, tó ń mọ ọ́n, láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà wọ Sanmí létí gan-an. Òun náà ti kọ́ iṣẹ́ bíríkìlà rí ní Mọ́níyà kó tó padà sóko, ó mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọmọ sẹ́nu iṣẹ́, ó sì mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe wẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí wọ́n má ṣe é ní ìdajì.

"Ọmọ iṣẹ́ ò lè wọlé láìní onídùúró, Ẹ̀gbọ́n."

"Òótọ́ ni. Bó bá ba nǹkan jẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, ta ló máa dáhùn?"

"Kí ló lè bàjẹ́ níbẹ̀? Imí ṣáà ni."

"Sanmí, iṣẹ́ ọwọ́ èèyàn ni. Ta ló máa dúró fún un?"

Sanmí ronú nípa ẹni tó mọ àwọn òbí ọ̀bọ̀ùnbọ̀ùn náà. Kò rí ẹnìkan. Ó wá nawọ́ sókè.

"Èmi máa dúró fún un. Inú ebè mi ló ti dàgbà."

"Ó dáa. Ilé ta ni yóò ti máa jẹun?"

"Ilé ọ̀gá rẹ̀ ni."

"Ìdí tí a fi ń mú un lọ gan-an nìyẹn. Ìgbà wo ni fíríìdọ́ọ̀mù?"

"Ọ̀la ni ìkórè, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kó gbà á ní ìrọ̀lẹ́ òní."

Sanmí wọlé, ó gbé agogo àdúrà jáde, ó sì gbé mínírà àti bisikíìtì tí Ọmọ́ṣọlá ìyàwó rẹ̀ fi pa mọ́ de àlejò ìkórè. Ó lu agogo náà lórí odó. Olúmúyìwá ní ní Bàtísì tàwọn, ohùn jẹ́jẹ́ làwọn fi ń gbàdúrà, pé kòkòrò kì í ṣe adití. Sanmí ní òun ò fẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ sọ lọ́la pé òun ò gbọ́. Ó gbàdúrà kí Ọlọ́run fún ọ̀gá ní sùúrù, kó fún ọmọ iṣẹ́ ní ìtẹríba, kí ọwọ́ rẹ̀ má gùn, kí ojú rẹ̀ sì kúrò lára iṣu. Olúmúyìwá ṣe àmín. Wọ́n mu mínírà, wọ́n fọ́ bisikíìtì díẹ̀ síwájú ọ̀gá, ọ̀gá kọ̀ ọ́.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé yímíyímí, ọ̀bọ̀ùnbọ̀ùn àti òkìtì ìgbẹ́ náà sọ̀ kalẹ̀ kí iṣẹ́ lè bẹ̀rẹ̀. Yímíyímí kò fi àkókò ṣòfò. Ó ti mọ ìgbẹ́ di roboto, ó kẹ̀yìn sí i, ó dorí kodò, ó fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tì í, ó ń lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yìn ló fi ń rìn."

"Ọ̀gá tó mọṣẹ́ kì í wojú ọ̀nà."

"Ọmọ iṣẹ́ ò wò ó o. Ó dúró síbẹ̀."

"Gbé e sún mọ́ iṣẹ́."

Sanmí mú ọ̀bọ̀ùnbọ̀ùn, kò mọ ibi tí ọmọ iṣẹ́ máa ń dúró sí nínú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ó bá gbé e lé orí roboto náà. Roboto yí, ọ̀bọ̀ùnbọ̀ùn yí mọ́ ọn, ó lọ sísàlẹ̀, ó tún jáde lókè. Ó di nǹkan náà mú bí ẹni wọ ọkọ̀ tí bíréékì rẹ̀ ti já. Ọ̀gá ń tì í, kò bèèrè ìdí tí ẹrù òun fi wúwo sí i lójijì.

"Ọmọ iṣẹ́ ti gun mọ́tò ọ̀gá, Ẹ̀gbọ́n. Ọjọ́ kìn-ín-ní."

"Ó ń kọ́ ìwọ̀n rẹ̀ ni. Jẹ́ kó mọ bí imí ṣe rí láti gbogbo ẹ̀gbẹ́."

"Ojú rẹ̀ ti yí padà."

"Ọgbọ́n ló ń wọ̀ ọ́."

Wọ́n tẹ̀ lé wọn, Sanmí ní ọ̀tún, Olúmúyìwá ní òsì. Olúmúyìwá ń sọ bí òun ṣe máa kọ̀wé sí ìjọba nípa ọ̀rọ̀ náà, pé kí wọ́n fi gbogbo kòkòrò aláìníṣẹ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé sẹ́nu iṣẹ́. Sanmí ń bẹ̀ ẹ́ kó má gbàgbé àwọn tó ń jẹ ẹ̀wà. Nínú ìdùnnú yìí, kò sí ẹni tó wo ibi tí ọ̀gá tó ń fi ẹ̀yìn rìn dorí kọ. Ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé le bí àpáta, ibì kan ṣoṣo ló rọ̀ tí yímíyímí lè sin oúnjẹ rẹ̀ sí.

Ìdí ebè ni.

Nígbà tí Sanmí máa fi rí i, ọ̀gá ti ki orí bọ ilẹ̀, ó ń gbẹ́, roboto ń rì díẹ̀díẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ ti fò sọ̀ kalẹ̀, ó ti mọ ilé, ó gba ẹnu ihò rẹ̀ àtijọ́ wọlé láìdágbére.

"Ẹ̀gbọ́n, ibo ni ọ̀gá ń lọ?"

Olúmúyìwá bẹ̀rẹ̀, ó yọjú sẹ́nu ihò náà.

"Ẹ̀gbọ́n, mo ní ibo ni ọ̀gá ń lọ? Ó jọ pé ó bá ọmọ iṣẹ́ lọ kí àwọn ará ilé rẹ̀."

"Fọkàn balẹ̀. Yímíyímí kì í jẹ iṣu. Ìwọ náà rí i."

"Ọ̀bọ̀ùnbọ̀ùn náà kì í jẹ imí, ẹ̀yin lẹ ní ẹ̀kọ́ ni. Bí ọmọ iṣẹ́ bá wá ń kọ́ ọ̀gá ní tiẹ̀ ńkọ́? Tí ó bá sọ fún un pé iṣu ló wà nílé, pé kó jókòó jẹun?"

Olúmúyìwá gbìyànjú láti dáhùn, ṣùgbọ́n àlàyé ara rẹ̀ ló dí i lọ́nà. Sanmí ti sáré mú àdá. Ó ń hú erùpẹ̀, ó ń fi ọwọ́ kó o, Olúmúyìwá ju agbòòrùn nù, ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò funfun rẹ̀, òun náà ń kó o. Wọ́n gbẹ́ títí tí iṣu fi jáde. Ó tóbi, ó gùn, awọ rẹ̀ jọ̀lọ̀. Sanmí di orí rẹ̀ mú, Olúmúyìwá di ìdí rẹ̀ mú, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ bí wọ́n ṣe gbé e sórí koríko. Ẹ̀jẹ́ ti ṣẹ: èèyàn méjì ló gbé e.

Sanmí fi aṣọ ara rẹ̀ nù ún. Ó wo ọ̀tún, kò sí nǹkan. Ó wo òsì, ó dán. Ó yí i.

Ní ìdí iṣu náà, ihò roboto kan wà níbẹ̀ tí àtàǹpàkò èèyàn lè wọ̀. Ìdí ọ̀bọ̀ùnbọ̀ùn ló wà lẹ́nu rẹ̀, orí rẹ̀ ti wà nínú lọ́hùn-ún, ó ń bá oúnjẹ rẹ̀ lọ. Yímíyímí ní tirẹ̀ wà nínú erùpẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ pẹ̀lú roboto rẹ̀, kò fẹnu kan iṣu ẹnikẹ́ni.

Sanmí jókòó sílẹ̀. Omi lé ròrò sí i lójú, kò sì gbìyànjú láti fi pa mọ́.

"Josiah máa yí i, Ẹ̀gbọ́n. Gbogbo iṣu ló máa ń gbé sókè tó máa ń yí kí gbogbo ìjọ lè rí ìdí ẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Mi ò lè bá wọn rín in lọ́dún yìí."

Àánú rẹ̀ ṣe Olúmúyìwá gidigidi. Onísọkúsọ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìkà. Ó rìn yí iṣu náà ká, ó tún un rìn, lójijì ló dúró, tí ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n máa ń bẹ̀rù irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó fi igi kékeré yọ ọ̀bọ̀ùnbọ̀ùn jáde, ó nawọ́, ó gba roboto lọ́wọ́ yímíyímí, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ihò náà.

Ó wọ̀ ọ́ bí ẹni pé wọ́n wọ̀n ọ́n ni. Olúmúyìwá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wọlé dáadáa, ó fi erùpẹ̀ pa á lójú.

"Wò ó. Èmi tí mo dí i gan-an, mi ò mọ ibẹ̀ mọ́."

Sanmí wò ó lóòótọ́. Kò sí ihò mọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ìgbẹ́ màlúù ni mo máa gbé lọ síwájú pẹpẹ yìí."

"Iṣu lo gbé lọ. Ìgbẹ́ kàn bá a rìn ni."

"Ọlọ́run ńkọ́?"

"Ta ló dá màlúù?"

Ìyẹn tẹ́ Sanmí lọ́rùn. Ó nu ojú rẹ̀. Ó dìde, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún àna rẹ̀, lọ́tẹ̀ yìí ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é.

"Ẹ ṣeun, Ẹ̀gbọ́n. Mi ò mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn mi tó báyìí."

"Kí ni mo ṣe? Ọgbọ́n lásán ni."

"Rárá o. Ẹlòmíràn ò lè ṣe é. Kí èèyàn mọ̀ pé òun lòun máa jẹ ẹ́, kó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ dí i."

Yímíyímí ti jáde nínú erùpẹ̀, ó ń yí iṣu náà po, ó ń wá ẹrù rẹ̀. Olúmúyìwá wo ìka rẹ̀, ó nù ún lára koríko, ó tún un nù.

Ó ní bóyá ẹlòmíràn náà máa fẹ́ rà á, pé ìfẹ́ àìnímọtara-ẹni-nìkan dáa láàárín àwọn ọmọ Ọlọ́run. Sanmí rán an létí, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, pé níwájú ìjọ ló ti sọ ọ́, pé Wòlíì ti gbàdúrà lé e, àti pé Ìyá Adémidé, ìyàwó Olúmúyìwá, ti ránṣẹ́ yá odó tó tóbi ju tiwọn lọ. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Olúmúyìwá mú igi kékeré ọ̀hún, ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ihò náà.

"Sanmí, mo ti rò ó wò. Ihò yìí kì í ṣe àbàwọ́n."

"Kí ni, Ẹ̀gbọ́n?"

"Ẹ̀rí ni. Ọ̀bọ̀ùnbọ̀ùn fò láti akùrọ̀, ó kọjá ebè gbogbo ènìyàn, ó kọjá ti Josiah, ó wá wọ tìẹ. Ṣé kòkòrò tó mọ iṣu tó bẹ́ẹ̀ á wọ iṣu tí kò dùn? Àwọn aláṣẹ ti tọ́ ọ wò. Kò sí iṣu mìíràn lórí pẹpẹ yẹn lọ́la tí ẹnikẹ́ni ti tọ́ wò."

"Ta ló máa sọ bẹ́ẹ̀ fún ìjọ?"

"Èmi ni. Màá dìde kí Josiah tó yí i. Èmi fúnra mi ni màá fọwọ́ han wọ́n."

Ọkàn Sanmí balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti òwúrọ̀. Ó mọ̀ pé kò sí ẹni tó lè rẹ́rìn-ín nínú ìjọ kí Olúmúyìwá tó sọ̀rọ̀ tán, ó sì mọ̀ pé Olúmúyìwá kì í sọ̀rọ̀ tán. Wọn á kọ orin ìparí mọ́ ọn lẹ́nu ni. Ó kúnlẹ̀ tì í, ó ń wo bí ó ṣe ń fi igi wa nǹkan náà jáde díẹ̀díẹ̀, tí yímíyímí dúró nísàlẹ̀, tó ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ṣé ó ti tán nínú ẹ̀, Ẹ̀gbọ́n?"

"Ó kù díẹ̀ lọ́hùn-ún. Igi ò débẹ̀."

Sanmí yọjú sínú ihò náà, ó sì ronú ohun tó máa dáa jù fún àna rẹ̀.

"Ẹ bá mi sọ fún Ìyá Adémidé kó má gún un o. Kó kàn sè é, kí ẹ lè mọ̀ bí ẹ bá jẹ ẹ́ dé ibi ihò náà."